Orí Kẹfà: Dídá Laptop Àgbà Padà sí Windows Tó Lè Gbé

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn láti Lekki Phase 1 títí dé Ṣàngótẹ̀dó ló ti sáré gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ tí kò lágbára rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé bí wọn ò bá tètè ṣe é, kọ̀ǹpútà wọn ò ní tan mọ́. Irọ́ gbáà ni. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan tó kú lọ́jọ́ yẹn. Àtúnṣe ààbò tí ilé-iṣẹ́ náà ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láìgba kọ́bọ̀ ló dópin. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti lé àwọn èèyàn débi tí kò yẹ kí wọ́n dé: laptop tó ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lánàá wá ń falẹ̀ bí ìgbín, Wi-Fi pòórá, ohùn ò jáde mọ́, tàbí kí ojú rẹ̀ kàn dúdú kanlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí fún yín, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà àbọ̀ wà, ọ̀fẹ́ ni, inú ẹ̀rọ yín gan-an ló sì sábà máa ń wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni pé ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni format ẹ̀rọ náà kí ẹ tó yẹ ọ̀nà yìí wò. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, "ẹ jẹ́ ká format ẹ̀" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ́ lẹ́nu ẹnjiníà, torí pé ó yá, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó kó àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti ìṣirò ọjà sínú ẹ̀rọ ló máa san gbèsè ìkánjú yẹn, kì í ṣe ẹnjiníà.

Ṣé ẹ̀rọ yín lè gbé Windows 11?

Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ laptop tó wà lọ́wọ́ wa. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè ti lò wọ́n fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tà wọ́n, wọ́n wá dé Computer Village ní Ìkẹjà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tàn dé Ikota Shopping Complex àti àwọn ṣọ́ọ̀bù Ajah. HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470, Lenovo ThinkPad T460: kò sí ibi tí ẹ ò ti ní bá wọn pàdé. Ẹ̀rọ gidi ni wọ́n, wọ́n ki, wọn ò sì tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìran kẹfà Intel ni ọpọlọ inú wọn, bẹ́ẹ̀ ìran kẹjọ sókè ni Windows 11 ń béèrè, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Ó tún ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn èròjà kékeré tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò, àti Secure Boot, pẹ̀lú RAM 4GB ó kéré tán àti ààyè 64GB.

Láti mọ ìran tiyín, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ Start, ẹ yan System, kí ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7. Ìran kẹfà ni i5-6300U, ìran keje ni i5-7300U, ìran kẹjọ ni i5-8350U, èyí tó yege. Bí tiyín bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6 tàbí 7, ẹni tó fi Windows 11 sí i fún yín gba ojú fèrèsé wọlé ni. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, nítorí irinṣẹ́ bíi Rufus lè yẹ àyẹ̀wò náà sílẹ̀, àmọ́ Microsoft ò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà. Ẹ dá a padà sí Windows 10, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ ìran kẹjọ sókè lè máà nílò orí yìí rárá. Bí ìgbésókè rẹ̀ bá kọ̀, tí ó sì fún un ní àmì àṣìṣe 0x80070070, ààyè ló kún. Bí ó bá jẹ́ 0xC1900101, driver kan, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá èròjà ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ló sábà máa ń fà á. Kó tún ìyẹn ṣe, kó tún gbìyànjú.

Fáìlì yín ṣáájú

Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń ṣí dé ojú iṣẹ́, ẹ da Desktop, Documents, Pictures àti Downloads sórí hard disk àfikún tàbí flash kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ìpadàbọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé kì í sábà fọwọ́ kan fáìlì, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ nìkan lẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lé.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí àfi tó bá ti bọ́. Ọ̀pọ̀ laptop ló máa ń ti disk wọn pa pẹ̀lú BitLocker láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí ètò bá yí padà, ẹ̀rọ á gbé ojú búlúù kan wá, á sì máa béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Ẹni tí kò bá ní in kò ní rí fáìlì rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹnjiníà kankan, ì báà jẹ́ ti Ìkẹjà, tó lè bá a ṣí i. Nítorí náà, ẹ lọ sí account.microsoft.com/devices/recoverykey lórí fóònù, ẹ wọlé pẹ̀lú email tí ẹ fi ń ṣí Windows, kí ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé. Ẹ má fi pamọ́ sórí laptop yẹn kan náà.

Ọjọ́ mẹ́wàá

Nígbà tí Windows 11 bá gorí Windows 10, kì í pa ti àtijọ́ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó o sínú fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old lórí C:, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí, ẹ lè padà láìlo flash, láìra dátà, láìsanwó fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti pé, Windows fúnra rẹ̀ á kó fódà náà dànù.

Ẹ ṣí File Explorer, ẹ wọ This PC, kí ẹ ṣí C:. Bí Windows.old bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù rèé: disk kún, wọ́n ṣí Disk Cleanup, wọ́n rí "Previous Windows installation(s)" tó gba ààyè rẹpẹtẹ, wọ́n sì ní kó máa lọ. Wọ́n ti fọwọ́ ara wọn dí ọ̀nà àbọ̀ nìyẹn.

Bí ọjọ́ bá ṣì kù ṣùgbọ́n tí àyè ò tíì yọ fún yín, ẹ lè sún un síwájú. Ẹ tẹ cmd sínú Start, ẹ yan "Run as administrator", kí ẹ wá kọ èyí:

DISM /Online /Set-OSUninstallWindow /Value:60

Ọjọ́ mẹ́wàá ti di ọgọ́ta nìyẹn. Òun sì ni òpin ibi tó lè dé. Inú ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe é, torí àṣẹ yìí ò lè dá fódà tó ti lọ padà.

Nígbà tí ẹ bá ṣe tán, ẹ yọ gbogbo flash tó wà lára ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ti ṣí àkáǹtì tuntun fún ọmọ tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ lẹ́yìn tí Windows 11 wọlé, ẹ pa á rẹ́ ná, nítorí ó lè dí ìpadàbọ̀ lọ́wọ́. Ẹ wá lọ sí Settings, System, Recovery, kí ẹ tẹ "Go back". Á kọ́kọ́ bi yín ní ìdí tí ẹ fi ń padà. Èyí tó bá wù yín ni kí ẹ mú. Á ní ṣé kí òun wá àtúnṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ìṣòro náà á lọ. Ẹ tẹ "No, thanks". Lẹ́yìn náà, á kìlọ̀ pé àwọn app tí ẹ gbé sí i lẹ́yìn ìgbésókè á lọ, pé ẹ máa tún wọn gbé sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e, "Don't get locked out", ni kí ẹ kà dáadáa: password tí ẹ ń lò nígbà Windows 10 ni ẹ̀rọ máa béèrè bó bá tan. Bí ẹ bá ti yí i padà láàárín kan, tí ẹ ò sì rántí ti tẹ́lẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀ ná títí ẹ ó fi rántí.

Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀, á tan, á tún pa, ojú rẹ̀ á sì máa sọ pé òun ń dá Windows àtijọ́ padà. Lórí SSD, ó lè má pẹ́ rárá. Lórí hard disk àtijọ́ tó ń yí gbirigbiri, ẹ lè se ìrẹsì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán, kó má tíì parí. Bó bá dà bíi pé ó ti dúró sójú kan, ẹ wo iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ. Bí iná náà bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ má tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lágbègbè wa nìyí. Eko Electricity ló ń fún Lekki àti Ajah níná. Kódà Band A, ìpele tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, ní ó gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́, kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ́sítéètì fi ń yí láti iná NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn ti tó láti pa laptop tí bátìrì rẹ̀ ti kú, kó sì fi Windows sílẹ̀ láàárín méjì: kì í ṣe 11, kì í ṣe 10.

Ẹ dán an wò ṣáájú. Ẹ̀rọ wà ní títàn, ẹ yọ ṣájà. Bó bá kú lójú ẹsẹ̀, tàbí tí kò lè gba wákàtí kan, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìsí UPS tàbí inverter. Ẹ tún bi àwọn aláṣẹ ẹ́sítéètì yín ní aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi irú iṣẹ́ báyìí sí òru tí wọn á fi sùn lọ.

Bí kò bá ṣí dé ojú iṣẹ́

Ẹ̀rọ tó ń tan tó ń kú, tàbí tó dúró lórí àmì Windows, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ tàn án. Bí àmì Windows bá yọ, ẹ tẹ bọ́tìnì iná mọ́lẹ̀ kó kú. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ léraléra, nígbà tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta á gbé ojú búlúù ìtúnṣe wá. Ẹ yan Troubleshoot, lẹ́yìn náà Advanced options, kí ẹ wá "Go back to the previous version" níbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí Settings ń ṣe ló ń ṣe, fódà Windows.old kan náà ló sì ń lò.

Bí ìyẹn náà bá kọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba fáìlì yín là. Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà kì í sọ. Ní Advanced options yẹn kan náà, ẹ yan Command Prompt. Ẹ kọ notepad, ẹ tẹ Enter. Notepad á ṣí. Ẹ wọ File, ẹ tẹ Open, kí ẹ yí "Text Documents" tó wà nísàlẹ̀ sí "All Files". Ẹ wá tẹ This PC. Gbogbo disk yín nìyẹn, àti flash tí ẹ kì bọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí C: máa jẹ́ D: tàbí E: níbí, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ẹ wọ fódà Users, ẹ wá orúkọ yín, ẹ copy ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ lọ paste rẹ̀ sórí flash. Kò ní fi ìlà hàn yín pé iṣẹ́ ń lọ, ojú fèrèsé náà á kàn gan. Ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá parí, á tún máa dáhùn.

Bí ọjọ́ bá ti kọjá

Ẹni tí Windows.old rẹ̀ ti lọ gbọ́dọ̀ gbé Windows 10 tuntun sí i. Flash 8GB ó kéré tán ni ẹ nílò, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, àti dátà bíi 6GB. Lórí microsoft.com, ẹ wá Media Creation Tool ti Windows 10. Òun ló máa gbé gbogbo rẹ̀ sórí flash fún yín. Ẹ ra dátà òru, owó rẹ̀ kéré. Ó dùn mí pé ẹni tó ń gbé Ajah ṣì ní láti máa ṣọ́ owó dátà báyìí, nígbà tó jẹ́ Lekki níbí ni Equiano, okùn abẹ́ òkun tí Google fà láti Portugal, gúnlẹ̀ sí lọ́dún 2022. Kódà ẹni tó rówó ra dátà ò lè fọkàn balẹ̀ pátápátá: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin (WACS, MainOne, ACE àti SAT-3) bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní Èkó. Bí ẹ bá ti rí flash náà ṣe, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ "Windows 10" sí i lára, kí ẹ fi pamọ́ sínú àpótí. Aládùúgbò yín á nílò rẹ̀.

Ẹ má gba flash "Windows tó ti activate" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀, ẹ ò sì nílò rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ti lo ojúlówó Windows 10 rí ti ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft. Bó bá ń béèrè product key, ẹ tẹ "I don't have a product key", ẹ yan irú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home tàbí Pro. Bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì, á activate ara rẹ̀.

Láti bẹ̀rẹ̀ láti orí flash, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa tẹ F9 lórí HP, tàbí F12 lórí Dell àti Lenovo. Níbí ni tòkunbọ̀ ti máa ń fi àbùkù rẹ̀ hàn: àwọn kan ṣì ní password tí ilé-iṣẹ́ òkèèrè fi sí BIOS, ìyẹn ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ó sì lè má jẹ́ kí ẹ dé orí flash. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ wọ BIOS wò lójú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Bí flash bá ń já láàárín iṣẹ́, ẹ gbé e sí ihò USB mìíràn. Àárín ọ̀sà àti òkun la wà, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ sì máa ń jẹ irin ihò wọ̀nyí.

Nígbà tó bá kan ibi tí ẹ máa yan disk, ẹ yan Custom. Ẹ má tẹ Delete, ẹ má tẹ Format. Ẹ kàn yan ìpín tí Windows wà lórí rẹ̀, ẹ tẹ Next. Á kó gbogbo ohun tó bá níbẹ̀, fáìlì yín náà nínú, sínú Windows.old tuntun, ẹ ó sì lè ṣà wọ́n jáde lẹ́yìn náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín "format" àti èyí nìyẹn, ẹ lè sọ ọ́ fún ẹnjiníà yín.

Bó bá tan tí kò rí Wi-Fi, driver ló kù. Ẹ fi okùn USB so fóònù Android yín mọ́ ọn, ẹ tan USB tethering lórí fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì á wọlé láìdúró de driver. Windows Update á wá ìyókù fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan ló fi kí yín káàbọ̀, tó ń béèrè email iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ìwé wọn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún yín ni kí ẹ gbé e padà.

MacBook àti Windows 7

MacBook Intel tí wọ́n fi macOS tó ju agbára rẹ̀ lọ sí náà ní ọ̀nà àbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi Time Machine da gbogbo rẹ̀ sórí disk àfikún, nítorí ó lè di dandan kí ẹ nu inú rẹ̀ mọ́. Ẹ wá tan án pẹ̀lú Shift, Option, Command àti R lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbé macOS tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ padà, tàbí èyí tó súnmọ́ ọn jù tó ṣì wà. Láti ibẹ̀, MacBook Air ọdún 2015 lè gòkè dé Monterey. Kò yẹ kó kọjá ibẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ kúkú padà sí Windows 7, pé ó fúyẹ́ jù. Mi ò fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020 ni ìtọ́jú rẹ̀ ti dópin, Chrome 109 sì ni Chrome ìkẹyìn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó ń fi í wọ báǹkì rẹ̀ ń sùn láìti ilẹ̀kùn. Bí Windows 10 bá wúwo fún ẹ̀rọ yín, ẹ yọ hard disk, ẹ fi SSD sí i. Èyí ló ń jí ẹ̀rọ àgbà ju ohunkóhun lọ.

Kí ẹ tó pa á dé

Windows 10 tí ẹ padà sí ṣì lè rí àtúnṣe ààbò gbà títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní ESU. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ version 22H2. Ẹ tẹ winver sínú Start láti mọ̀. Ẹ wọ Settings, Update & Security, Windows Update, kí ẹ tẹ "Enroll now", lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft. Wọ́n á ní kí ẹ san dọ́là 30, tàbí kí ẹ lo 1,000 point Microsoft Rewards, tàbí kí ẹ jẹ́ kí Windows máa fi settings yín pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti ìkẹyìn yìí kò gba owó kankan. Òun ni kí ẹ mú.